Pípààrọ̀ Káàdì Nẹ́tíwọ̀ọ̀kì láìpa Kọ̀ǹpútà: Ọ̀rọ̀ fún Àwa Olùkọ́ ní Ilẹ̀ Ìbàràpá

Bí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì bá já nínú yàrá kọ̀ǹpútà ní ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ wa, ohun kan ṣoṣo ni gbogbo wa mọ̀ ọ́n ṣe: a ó ní kí wọ́n lọ pe onímọ̀-ẹ̀rọ wá. Bí onímọ̀-ẹ̀rọ náà bá dé, yóò pa gbogbo ẹ̀rọ, yóò yọ èyí tó bàjẹ́, yóò ki òmíràn bọ̀ ọ́, yóò sì tún gbogbo rẹ̀ tàn. Èrò tèmi ni pé pípa àti títàn yìí kò pọn dandan ní ọ̀pọ̀ ìgbà. Ó ti lé ní ogún ọdún tí ètò ìdarí kọ̀ǹpútà ti ní agbára láti gba ẹ̀yà nẹ́tíwọ̀ọ̀kì tuntun, kí ó sì jọ̀wọ́ ti àtijọ́, nígbà tí iṣẹ́ ṣì ń lọ lọ́wọ́. Ó yẹ kí olùkọ́ tí a ń kọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì mọ bí ó ṣe ń ṣẹlẹ̀, kí ó sì lè fi Yorùbá tó já gaara ṣàlàyé rẹ̀ fún ọmọ ilé-ìwé ní Èrúwà, Ìdèrè tàbí Lánlátẹ̀.

Ẹnikẹ́ni tó bá rò pé ọ̀rọ̀ yìí kò kan olùkọ́ Yorùbá, kí ó wo bí ìdánwò ṣe ń yí padà. Ní 2013 ni Àjọ JAMB kọ́kọ́ fi kọ̀ǹpútà ṣe ìdánwò fún àwọn tó bá fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Nígbà tó di 2015, ìdánwò náà ti bọ́ sórí kọ̀ǹpútà pátápátá. Ní 2024 ni WAEC bẹ̀rẹ̀ sí í fi kọ̀ǹpútà ṣe ìdánwò àwọn tí ń ṣe é ní àdáni. Ní 2025, ìjọba àpapọ̀ kéde pé òun fẹ́ kí ìdánwò WAEC àti NECO ti àwọn ọmọ ilé-ìwé náà bọ́ síbẹ̀. Ìdánwò Yorùbá wà nínú wọn. Lọ́jọ́ tí nǹkan bá dúró nínú gbọ̀ngàn ìdánwò, àgbàlagbà tó súnmọ́ ọmọ náà jù ni olùkọ́ tó ń bójú tó o, ó lè jẹ́ olùkọ́ Yorùbá, ó sì lè jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí a ń kọ́ lónìí.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 2025 kò tíì kúrò lọ́kàn àwọn òbí. Nínú ìdánwò JAMB ọdún náà, akẹ́kọ̀ọ́ 379,997 ní ibùdó ìdánwò 157, ní ìpínlẹ̀ Èkó àti àwọn ìpínlẹ̀ ìlà-oòrùn gúúsù, ni àṣìṣe ẹ̀rọ kàn. Àjọ náà ṣàlàyé pé àtúnṣe tí ó yẹ kí ó dé orí gbogbo àwọn kọ̀ǹpútà àgbà tó ń pín ìbéèrè kò dé orí apá kan nínú wọn. Ọ̀gá àgbà àjọ náà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Is-haq Olóyèdé, sunkún níwájú àwọn oníròyìn, wọ́n sì ní kí àwọn ọmọ náà wá tún ìdánwò ṣe. Mo mọ̀ pé sọ́fítíwíà ni ó fa èyí, kì í ṣe káàdì. Ṣùgbọ́n ó fi hàn wá bí ó ti le tó láti yí nǹkan padà lára ẹ̀rọ tí kò gbọdọ̀ dúró, àti ẹni tí ìyà rẹ̀ ń jẹ nígbà tí àwọn tó wà nídìí ẹ̀rọ kò bá mọ ohun tí wọ́n yí padà àti èyí tí wọn kò yí.

Bí ó ṣe ń ṣẹlẹ̀

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ara irin. Ẹ mú ẹnu wáyà USB kan, kí ẹ wò ó dáadáa. Ẹ ó rí irin tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́rin nínú rẹ̀. Méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ni ó ń gbé iná, méjì tó wà láàárín ni ó ń gbé ọ̀rọ̀. Àwọn tó ń gbé iná gùn díẹ̀ ju àwọn tó ń gbé ọ̀rọ̀ lọ. Àwọn tó ṣe USB jáde ní 1996 mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni. Nígbà tí a bá ń kì í bọ ihò, iná a kọ́kọ́ dé kí ọ̀rọ̀ tó dé. Nígbà tí a bá ń yọ ọ́, ọ̀rọ̀ a kọ́kọ́ lọ kí iná tó lọ. Nípa bẹ́ẹ̀, kò sí ìgbà kankan tí ẹ̀yà náà yóò máa sọ̀rọ̀ láìní agbára.

Àmọ́ irin nìkan kò tó. Nígbà tí iná bá dé ara ẹ̀yà tuntun, ètò ìdarí kọ̀ǹpútà ni yóò bi í pé, "Ìwọ ta ni?" Ẹ̀yà náà yóò dárúkọ ara rẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà méjì: ọ̀kan jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ tó ṣe é, èkejì jẹ́ ti irú ẹ̀yà tí ó jẹ́. Inú ètò ìdarí yìí ni apá kan wà tí àwọn Òyìnbó fi orúkọ kóró èso pè, mo sì fara mọ́ ọn kí àwa náà pè é ní kóró. Kóró yóò wo àkọsílẹ̀ rẹ̀ bóyá ó ní sọ́fítíwíà tó gbọ́ èdè ẹ̀yà náà. Bí ó bá ní i, yóò pè é wá.

Àwọn tó ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà a máa pe sọ́fítíwíà yìí ní awakọ̀, nítorí pé dẹ́rẹ́bà ni Òyìnbó pè é. N kò fara mọ́ èyí rárá. Kò sí ọkọ̀ kankan tí ó ń wà. Ohun tí ó ń ṣe ni pé ó dúró láàárín kóró àti ẹ̀yà, ó ń gbọ́ ti ẹni kìíní, ó ń sọ ọ́ fún ẹni kejì. Ògbufọ̀ ni. Ọmọ tí a bá sọ fún pé káàdì kò ṣiṣẹ́ nítorí pé kò sí ògbufọ̀ yóò lóye lójú ẹsẹ̀. Èyí tí a bá sọ fún pé kò sí awakọ̀ yóò kàn máa wò wá ni. Ibi tí àwa ẹ̀ka Yorùbá ti wúlò nínú ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn, kí á má tún sọ pé kò kàn wá. Àwọn àgbà iṣẹ́ yìí ṣe irú rẹ̀ fún gírámà àti lítíréṣọ̀ nínú ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú apá kìíní rẹ̀ ní 1984. Ti kọ̀ǹpútà ṣì wà nílẹ̀ dè wá.

Yíyọ ẹ̀yà kúrò le ju kíkì í bọ̀ ọ́ lọ. Nígbà tí a bá fa káàdì nẹ́tíwọ̀ọ̀kì yọ lójijì, oríṣiríṣi iṣẹ́ ni ó lè máa gbà á lò lọ́wọ́: ẹnì kan ń kó fáìlì, ẹnì kan ń dáhùn ìbéèrè, òmíràn kàn di ojúlé náà mú ni láìsọ nǹkan. Ògbufọ̀ gbọ́dọ̀ dá ìlà àwọn tó ń dúró dúró, kí ó sọ fún gbogbo wọn pé ọ̀nà ti dí, kí kóró sì dúró títí ẹni tó kẹ́yìn yóò fi jọ̀wọ́ rẹ̀, kí ó tó pa orúkọ káàdì náà rẹ́. Bí ẹnì kan bá kọ̀ tí kò jọ̀wọ́, kóró kò ní pa á rẹ́. Ẹni tó bá ti bójú tó Linux pẹ́ yóò ti rí i tí kóró ń kọ ọ́ sójú ẹ̀rọ léraléra pé òun ń dúró kí eth0 di òmìnira. Ìdúró yẹn ni ó ń dáàbò bò wá, nítorí pé bí kóró bá gba ilẹ̀ náà fún ẹlòmíràn nígbà tí ẹnì kan ṣì ń tẹ̀ ẹ́, gbogbo ẹ̀rọ lè wó.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé àwọn tó ṣe é mọ̀ ọ́n láti ọjọ́ kìíní. Ní oṣù kẹrin 1998, Bill Gates ń fi Windows 98 han àwùjọ ní Amẹ́ríkà. Ẹni tó ń ràn án lọ́wọ́ ki wáyà ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán ìwé bọ USB láti fi hàn pé kò sí ìdí láti pa kọ̀ǹpútà mọ́. Lójú gbogbo ayé, ojú kọ̀ǹpútà náà di aláwọ̀ aró, ó sì kú. Gates rẹ́rìn-ín, ó ní bóyá ìdí nìyẹn tí àwọn kò tíì fi gbé e jáde fún títà. Nígbà tí Windows 2000 fi máa dé, tí Linux náà sì ti ní kóró 2.6 ní ìparí 2003 pẹ̀lú ètò udev tó ń gbọ́ gbogbo ìròyìn dídé àti lílọ ẹ̀yà, nǹkan ti rọ̀ gan-an.

Ọ̀rọ̀ orúkọ

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti dùn mọ́ mi jù nìyí, mo sì rò pé àwa ará Ìbàràpá ni ó yẹ kí ó tètè yé.

Ní ayé àtijọ́, bí ẹ̀yà nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ṣe ń dé níwájú kóró Linux ni wọ́n ń gba orúkọ. Èyí tó kọ́kọ́ dé ni eth0, èyí tó tẹ̀ lé e ni eth1, lẹ́yìn náà eth2, eth3. Ẹ̀yin ará Igbó-Ọrà, ìlú tí gbogbo ayé mọ̀ mọ ìbejì, tí wọ́n sì ti ń ṣe àjọ̀dún ìbejì láti 2018, ṣé ẹ rí i? Táíwò ni eth0, Kẹ́hìndé ni eth1, Ìdòwú ni eth2, Àlàbá ni eth3. Orúkọ àmútọ̀runwá ni. Kò sí ẹni tó jókòó sọ ọ́. Bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ léra wọn wá sáyé ni ó sọ ọ́.

Nǹkan méjì ni ó ba ètò yìí jẹ́. Èkíní ni pé kóró bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀pọ̀ ẹ̀yà lẹ́ẹ̀kan náà kí iṣẹ́ lè yá, nítorí náà ẹni tó jẹ́ Táíwò lónìí lè di Kẹ́hìndé bí wọ́n bá tún kọ̀ǹpútà tàn lọ́la. Ẹni tó ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé kí ìbéèrè ìdánwò máa gba eth0 kọjá, kí íntánẹ́ẹ̀tì máa gba eth1, yóò jí lọ́jọ́ kan bá a tí ọ̀nà méjèèjì ti yípo. Wọ́n wá ojútùú sí i: kí udev máa rántí nọ́ńbà tí ilé-iṣẹ́ tẹ̀ mọ́ ara káàdì kọ̀ọ̀kan, kí ó sì fi orúkọ dè é. Ó dára bẹ́ẹ̀, títí káàdì kan fi kú. Ẹ yọ eth0 tó jóná, ẹ ki tuntun bọ ojú ihò kan náà, orúkọ tí yóò jẹ́ ni eth1. Èé ṣe? Nítorí pé a ṣì ń pa ààyè eth0 mọ́ fún ẹni tó ti lọ. Bí Yorùbá ṣe ń gbẹ́ ère ìbejì gẹ́lẹ́ nìyẹn, tí a ń wẹ̀ ẹ́, tí a ń fún un ní oúnjẹ pẹ̀lú èyí tó wà láàyè. Fún ìyá ìbejì, ìtùnú ni. Fún ẹni tó ń wá ọ̀nà kí ìdánwò bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́sàn-án, wàhálà gbáà ni, nítorí pé gbogbo ìlànà tó ti kọ sílẹ̀ fún eth0 kò kan ẹni tuntun náà.

Láti 2013 ni systemd ti mú ìlànà mìíràn wá. Ibi tí káàdì jókòó sí ni ó ń fún un lórúkọ. Orúkọ bíi enp3s0 ń sọ ojú ọ̀nà àti àga tí káàdì náà wà. Bí a bá yọ ọ̀kan, tí a fi òmíràn sí àga kan náà, orúkọ kan náà ni yóò jẹ́, gbogbo ìlànà yóò sì kàn án. Orúkọ oyè ni èyí. Ẹni tó bá gun orí ìtẹ́ ní Igbó-Ọrà ni Olú, ẹni tó bá gun ti Èrúwà ni Eléèrúwà, ẹnikẹ́ni tí ìbáà jẹ́. Fún ẹ̀yà USB, tí ó lè bọ́ sí ojú ihò yòówù, àwọn ẹ̀yà Linux kan ṣì ń lo nọ́ńbà ara rẹ̀. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí pé arìnrìn-àjò kò ní àga.

Mo ti fi àlàyé yìí kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí wọn kò ṣe kọ̀ǹpútà rí, kò sì pẹ́ kí ó tó yé wọn. Àwọn tí wọ́n gba ẹ̀kọ́ kan náà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń há a sórí.

Níbi tí ẹ̀yà bá dé tí ọ̀rọ̀ kò dé

Ọ̀pọ̀ nínú wa ti ṣe pàṣípààrọ̀ yìí rí láìmọ̀. Kí fóònù tó gba iṣẹ́ náà, módẹ́ẹ̀mù kékeré ni à ń ki bọ kọ̀ǹpútà alágbèéká, bí MTN kò bá gbà níbi kan, a ó yọ ọ́, a ó fi ti Glo sí i. Àwọn módẹ́ẹ̀mù Huawei ìgbà náà ní ọgbọ́n kan: nígbà tí wọ́n bá kọ́kọ́ dé, wọ́n á pe ara wọn ní àwo CD, kí Windows lè rí ògbufọ̀ tó wà nínú wọn kó, lẹ́yìn náà ni wọn yóò yí ara padà di módẹ́ẹ̀mù. Linux kò mọ ọgbọ́n yìí, àfi ìgbà tí ẹnì kan kọ sọ́fítíwíà tó ń sọ fún wọn pé kí wọ́n bọ́ aṣọ eégún náà sílẹ̀. Lónìí, bí a bá fi wáyà so fóònù mọ́ kọ̀ǹpútà láti fún un ní íntánẹ́ẹ̀tì, káàdì nẹ́tíwọ̀ọ̀kì tuntun ni kóró rí yẹn.

Ṣùgbọ́n gbogbo wa la mọ ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn pàṣípààrọ̀: fáìlì tí à ń kó a já, a ó sì tún wọlé láti ìbẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀bi ètò ìdarí. Àdírẹ́sì ni ó yí padà. Ẹni tí à ń bá sọ̀rọ̀ lókè òkun mọ̀ wá mọ àdírẹ́sì ti MTN. Nígbà tí a dé láti ti Glo, àlejò ni wá. Bí àdírẹ́sì kò bá yí padà, bíi kí wáyà yọ kí a sì tètè kì í padà, ìfọ̀rọ̀wérọ̀ náà lè máa lọ, nítorí pé ẹni tó sọ̀rọ̀ tí kò rí ìdáhùn yóò tún un sọ fún ìṣẹ́jú mélòó kan kí ó tó sọ ìrètí nù.

Ìdí nìyí tí n kò fi gbà pẹ̀lú àwọn tó ń sọ pé kí a ra ẹ̀yà tó ṣeé pààrọ̀ láìpa ẹ̀rọ, ó ti parí. Nínú gbọ̀ngàn ìdánwò, kọ̀ǹpútà àgbà kan ni ó sábà máa ń pín ìbéèrè fún gbogbo àwọn yòókù. Bí ó bá jẹ́ káàdì kan ṣoṣo ni ó ní, tí ó sì kú, gbogbo ọmọ ni ojú ẹ̀rọ wọn yóò dì, kódà bí a bá lè rọ́pò rẹ̀ ní ìṣẹ́jú márùn-ún. Ohun tí mo rò pé ó tọ́ ni kí kọ̀ǹpútà náà ní káàdì méjì tí a so pọ̀ lábẹ́ àdírẹ́sì kan. Linux ti ní ètò yìí tipẹ́. Windows Server náà ní tirẹ̀ láti ẹ̀dà 2012. Ọ̀kan ń ṣiṣẹ́, èkejì ń dúró. Kóró ń wo èyí tó ń ṣiṣẹ́ léraléra láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, bí ó bá kú, èkejì á gba iṣẹ́ lọ, àwọn ọmọ kò ní mọ̀ rárá. Ìbejì gidi nìyẹn. Ìgbà náà ni pípààrọ̀ láìpa ẹ̀rọ wá wúlò: a ó fara balẹ̀ yọ èyí tó kú, a ó fi tuntun sí i, kò sí ẹni tí yóò máa sáré.

Mo gbọ́dọ̀ kìlọ̀ o. Kì í ṣe gbogbo ẹ̀yà ni a ń yọ pẹ̀lú iná. Wáyà nẹ́tíwọ̀ọ̀kì àti ẹ̀yà USB, kò séwu. Káàdì tó wà nínú ikùn kọ̀ǹpútà lásán kò rí bẹ́ẹ̀. Kọ̀ǹpútà àgbà olówó iyebíye tí wọ́n ṣe àga rẹ̀ fún un ni ó lè gbà á. Mo mọ ilé-ẹ̀kọ́ kan, n kò ní dárúkọ rẹ̀, tí ẹnì kan ti gbọ́ pé a lè pààrọ̀ káàdì láìpa ẹ̀rọ, ó sì fa ti inú yọ nígbà tí iná wà nínú rẹ̀. Pátákó inú kọ̀ǹpútà náà kò jí mọ́.

Àwọn kan yóò ní ìgbádùn àwọn ilé-ìfowópamọ́ ni gbogbo èyí, pé iná gan-an kò dúró ní Ìbàràpá, kí la fẹ́ fi káàdì ìbejì ṣe? Mo rò pé òdìkejì rẹ̀ ni òótọ́. Níbi tí iná ti ń ṣe ségesège, tí ọ̀rinrin òjò àti eruku ọ̀gbẹlẹ̀ ń jẹ ẹnu wáyà, ibẹ̀ ni ẹ̀yà ti ń tètè kú. Káàdì USB lásán kò sì wọ́n tó owó epo tí à ń dà sínú jẹnẹrétọ̀ lọ́jọ́ ìdánwò kan. Ohun tó wọ́n ni ẹni tó mọ̀ ọ́n lò, iṣẹ́ tiwa sì ni láti pèsè irú ẹni bẹ́ẹ̀.

Ohun tí mo ń bẹ àwọn ẹlẹgbẹ́ mi fún kò pọ̀. Kí a tó ra káàdì kankan, kí a béèrè bóyá ògbufọ̀ rẹ̀ wà nínú ètò ìdarí tí à ń lò, kí á má kàn tẹ́tí sí ẹni tó ń tà á pé ó dára. Kí ẹ̀ka Yorùbá àti ẹ̀ka kọ̀ǹpútà jókòó pọ̀ ní ọ̀sẹ̀ kan péré láti fẹnu kò lórí bí ogún ọ̀rọ̀: kóró, ògbufọ̀, ojú ihò, àdírẹ́sì àti ìyókù wọn. Bí ẹnikẹ́ni bá ní ọ̀rọ̀ tó sàn ju ògbufọ̀ lọ, mo ṣetán láti gbà á. Ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú ìdánwò èyíkéyìí, kí á kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́-olùkọ́ jọ sí yàrá kọ̀ǹpútà, kí á jẹ́ kí gbogbo ẹ̀rọ máa ṣiṣẹ́, kí ọ̀kan nínú wọn sì na ọwọ́ fa wáyà kìíní yọ, kí àwọn tó kù máa wo ojú ẹ̀rọ bóyá nǹkan kan dúró.